Ojú Ọ̀tún Màmá Aláró

Ọjọ́ kẹjọ tí ojú ọ̀tún Màmá Aláró ti ń pọ́n ni ìyàwó ọmọ wọn wá kan ilẹ̀kùn mi ní kùtùkùtù àárọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹ̀ka ìtọ́jú ojú ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún pípẹ́ wá. Agbo ilé wọn kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ mi ní Kẹ́mta, àdúgbò tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé aró rírẹ ni iṣẹ́ ibẹ̀, tí a sì ń kó àdìrẹ rẹ̀ lọ tà ní ọjà Ìtòkú. Màmá fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, pé kí n má fi èyí tí àwọn fi ọwọ́ ara wọn ṣe pamọ́, ṣùgbọ́n kí n má dárúkọ wọn. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, kò sí ẹnì kan nínú ilé náà tí kò fẹ́ kí ojú wọn yá, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni ojú náà ń bàjẹ́ sí i, nítorí pé gbogbo wa ti gbà pé Àpólò ni. Mo ní gbogbo wa, nítorí èmi náà wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo pàdé Màmá lójú ọ̀nà, wọ́n fi etí gèlè bo ojú ọ̀tún wọn, mo kí wọn kú ewu Àpólò, mo ní yóò lọ láìpẹ́, mo sì bá tèmi lọ láìní kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó.

A kò ṣàdédé gbà bẹ́ẹ̀. Àpólò ti wọ agbo ilé náà ní tòótọ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ojú Màmá tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje, ló kó o wálé láti ilé ìwé. Ojú rẹ̀ méjèèjì pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ wú, omi ń dà lójú rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, ipin a ti lẹ ojú náà pa tí kò ní lè là á àfi bí wọ́n bá fi omi rin ín. Ó ní ńṣe ló dà bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, ìyá rẹ̀ àti àwọn ọmọ méjì mìíràn ti ní in. Ọdún 1969 ni àìsàn yìí kọ́kọ́ jà ní Gánà, ọdún kan náà tí ọkọ̀ Apollo 11 gbé ènìyàn dé orí òṣùpá, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, kò sì ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ nígbà náà, ṣùgbọ́n lóde òní, gbogbo ojú pípọ́n tó bá ti ń ranni ni a ń pè ní Àpólò, irú fáírọ́ọ̀sì yòówù kó fà á. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé bí a bá wo ojú ẹni tó ní in, a ó kó o. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ló ń gbé e: ọwọ́ tó nu ojú tó ń ṣomi, tó wá di ìkọ́ ilẹ̀kùn mú, tàbí tó bọ ẹlòmíràn lọ́wọ́. Aṣọ ìnura náà ń gbé e, ìrọ̀rí ń gbé e, igi tìróò tí ìyá àti ọmọ jọ ń lò náà sì ń gbé e.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pé ìyàwó ilé náà tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀ dáadáa. Ó se omi, ó jẹ́ kó tutù, ó ń rin òwú mímọ́ nínú rẹ̀, ó sì ń fi nu ipin láti ẹ̀gbẹ́ imú wá sí ẹ̀gbẹ́ etí, òwú kan fún ojú kan, tí ó bá ti nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó ń jù ú nù. Ó rì aṣọ pélébé sínú omi tútù, ó fún un, ó sì ń gbé e lé ojú wọn nígbà tí wíwú náà bá ń yọ wọ́n lẹ́nu. Kò jẹ́ kí wọ́n lọ sí ilé ìwé. Oògùn apakòkòrò kì í pa fáírọ́ọ̀sì, nítorí náà kò sí ohun tí ìkán-sójú ìbá tún fi kún ìtọ́jú yẹn. Láàárín ọjọ́ méje, ojú gbogbo wọn ti mọ́.

Ti Màmá yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àdìrẹ oníko ni wọ́n ń ṣe. A máa ń fi ìko di aṣọ ní kókókókó kí aró má baà dé ibẹ̀, a ó rẹ ẹ́, a ó sá a, nígbà tó bá gbẹ, a ó wá máa tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìko tó ti mu aró tó sì ti gbẹ a máa le, orí rẹ̀ a sì máa mú bí abẹ́rẹ́. Màmá jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, aṣọ wà lórí itan wọn, wọ́n fa ìko kan tí kò fẹ́ já, ó já lójijì, ó ta padà, orí rẹ̀ sì nà wọ́n ní ojú ọ̀tún. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fi etí ìró nù ún, ìró tí aró ti mu títí tí àwọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ kò fi hàn mọ́, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn èyí ni ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Nítorí pé àwọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ Àpólò, kò sí ẹni tó tún rò ó sí nǹkan mìíràn.

Wọ́n kọ́kọ́ ní kí ìyàwó ọmọ wọn, tó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, fún wàrà ọmú sí i fún wọn. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ méjì. Ìfẹ́ ló mú un ṣe é, ohun tí ìyá tirẹ̀ náà sì kọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n wàrà kì í ṣe oògùn ojú: ó ń bá kòkòrò ara ọmú jáde, adùn inú rẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ fún kòkòrò tó bá ti wà nínú ojú tí nǹkan ti ha. Omi ṣúgà tí aládùúgbò kan mú wá kò dára jù ú lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti rọ oje ewé, oje àlùbọ́sà àti ìtọ̀ sí ojú, ẹ̀rù a sì máa bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ, nítorí pé awọ tó bo dúdú ojú wa tín-ín-rín, kò tó mìlímítà kan ní nínípọn, òun náà sì ni fèrèsé tí a fi ń ríran.

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n rán ọmọ sí kẹ́míìsì kan ní àdúgbò. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò rí ojú náà. Ọmọ sọ fún un pé Àpólò Màmá kò lọ, ó sì mú ìgò oògùn ìkán-sójú kan sílẹ̀ fún un. Ó ya wá lẹ́nu bí ó ṣe ṣiṣẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹfà, pípọ́n náà ti rọlẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, Màmá tilẹ̀ padà sí ìdí ìkòkò aró. Ìrora nìkan ni kò lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ keje, ó ti gun orí, ó mú wọn ní ẹ̀bátí, wọn kò sì fi ojú ba oorun títí ilẹ̀ fi mọ́.

Nígbà tí mo wọlé, yàrá náà ṣókùnkùn. Wọ́n ti fi aṣọ dí ojú fèrèsé, Màmá kọ ojú sí ògiri. Mo fọ ọwọ́ mi, mo jókòó tì wọ́n. Kí n tó fọwọ́ kan ojú ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe ń ríran, nítorí náà mo ní kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, mo sì na ìka sókè. Wọn kò lè kà á àfi nígbà tí mo sún mọ́ wọn gan-an. Mo nu omi ojú náà kúrò, mo tún na ìka. Kò sí ìyàtọ̀. Ẹni tí Àpólò ń bá jà lè má ríran dáadáa nítorí ipin, ṣùgbọ́n bí ó bá ti nu ipin kúrò, ìríran rẹ̀ a padà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Màmá ké, wọ́n yí ojú padà, eékánná aláwọ̀ aró wọn di ọwọ́ mi mú. Nígbà tí wọ́n gbà kí n tún wò ó, mo rí i pé pípọ́n tó kù kò sí ní ẹ̀gbẹ́ ìpéǹpéjú bíi ti àwọn ọmọ. Ńṣe ló yí dúdú ojú ká bí òrùka. Lórí dúdú ojú náà, ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí àárín, àmì kan wà níbẹ̀ tó funfun bí eérú, kò tó hóró ọkà bàbà, etí rẹ̀ sì rí játijàti bí etí òwú tí a fà ya. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá nínú dúdú náà, ilà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan jókòó síbẹ̀. Ọyún ni.

Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ nǹkan kan ta yín lójú kó tó bẹ̀rẹ̀?”

Wọ́n ní rárá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n wá ní, “Àfi ìko tó nà mí níjọ́sí. Nǹkan tí kò tó nǹkan ni, ọmọ mi.”

N kò kán oògùn kankan sí ojú náà, n kò sì dì í pa, nítorí pé ojú tí egbò wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ìdè tó gbóná. Mo gba ìgò oògùn náà, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, mo sì rí orúkọ tí mo ń bẹ̀rù láti rí: dexamethasone. Mo fi í sínú àpò mi, a wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó di ilé ìwòsàn.

Níbẹ̀, dókítà ojú mú pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àwọ̀ ọsàn, ó rin ín, ó fi kan inú ìpéǹpéjú wọn, ó sì tan iná aláwọ̀ búlúù sí i lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ ojú di ńlá. Gbogbo ibi tí awọ ti ṣí ní ojú náà tàn ní àwọ̀ ewé. Ní ojú tó wà ní àlàáfíà, àwọ̀ yìí kì í lẹ̀ síbikíbi. Ní ti lẹ́tà ara pátákó, Màmá kò lè rí èyí tó tóbi jù lọ. Ìka ni wọ́n lè kà, láti ìwọ̀n mítà kan. Dókítà kán oògùn tí kò ní jẹ́ kí ojú mọ ìrora, ó fi abẹ́rẹ́ ha díẹ̀ lára egbò náà, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, a sì gbé e lọ sábẹ́ mákírósíkóòpù. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tó yà sọ́tùn-ún yà sósì ni wọ́n rí. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, irú àwọn ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Ara igi ni ìko ti wá, ibẹ̀ sì ni irú wọn máa ń gbé: lára ewé, lára koríko, lára èèpo ọkà. Ìdí nìyí tí dókítà ojú fi máa ń kọ́kọ́ fura sí fọ́ńgọ́ọ̀sì tí àgbẹ̀ bá sọ pé ewé tàbí ẹ̀ka igi na òun lójú.

Ohun tí oògùn kẹ́míìsì ṣe rèé, n ó sì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí òun ló jẹ mí lọ́kàn jù. Nígbà tí kòkòrò bá wọ ojú, ara fúnra rẹ̀ ló ń mú kí ojú pọ́n kó sì wú: iṣan ẹ̀jẹ̀ a fẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun ara lè rọ́ dé ibẹ̀. Dexamethasone, prednisolone àti àwọn ẹbí wọn a máa lé àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí sẹ́yìn. Pípọ́n a lọ, ẹni tó ń wo dígí a rò pé òun ti yá, nígbà tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ti rí ìlú tí kò ní olùṣọ́. Àwọn oògùn yìí ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ fún egbò tí fáírọ́ọ̀sì herpes ń dá sí ojú. Ẹni tó bá sì ń lò wọ́n fún ìgbà pípẹ́ láìsí àyẹ̀wò, ìfúnpá inú ẹyinjú rẹ̀, ìyẹn bí omi inú rẹ̀ ṣe ń tì í láti inú, lè ga títí tí yóò fi ba iṣan ìríran jẹ́, láìsí ìrora tí yóò kìlọ̀ fún un. Oògùn náà kì í ṣe ọ̀tá. Ojú tí wíwú wà nínú rẹ̀ gan-an, tí kì í ṣe kòkòrò ló fà á, òun ni dókítà máa ń fi gbà á là. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wo inú ojú náà nìkan ló mọ èyí tó jẹ́.

Natamycin ni dókítà kọ, oògùn ìkán-sójú tí a gbọ́dọ̀ mì kí a tó lò ó. Láti ọdún 2017 ni àjọ ìlera àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn oògùn tí kò yẹ kó wọ́n ní orílẹ̀-èdè kankan, síbẹ̀ ó wọ́n. A kò rí i rà ní ibi mẹ́ta tí a kọ́kọ́ dé. Ọmọ Màmá tó wà ní Èkó ló rí i, ó fi rán awakọ̀ kan, ó sì dé gáréèjì Kútọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Dókítà fẹ́ dá Màmá dúró sí ilé ìwòsàn. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn padà sílé, ó sì gbà nítorí pé mo ṣe onídùúró fún wọn, àti pé ojoojúmọ́ ni a ó máa padà wá.

Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, wákàtí kọ̀ọ̀kan ni a gbọ́dọ̀ kán an, lọ́sàn-án àti lóru. Ìyàwó ilé yẹn, ẹni tó fún wàrà ọmú, ló fi fóònù rẹ̀ sí aago. Mo wà níbẹ̀ ní aago méjì òru àkọ́kọ́ láti kọ́ ọ. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó mi ìgò náà, ó fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀ kó dà bí àpò kékeré, ó kán ẹyọ kan sínú àpò náà láìjẹ́ kí ẹnu ìgò kan irun ojú, ó ní kí Màmá dijú, ó sì fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú kí oògùn má baà ṣàn lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Bí ó bá kan àsìkò oògùn kejì, èyí tó ń mú kí ọmọlójú fẹ̀ kí ìrora lè rọlẹ̀, ó ń dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún láàárín wọn kí ọ̀kan má baà fọ èkejì jáde. Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n ní ìgbà àkọ́kọ́. Ní òru kejì, kò gbọ̀n mọ́.

Ọjọ́ karùn-ún ni Màmá tó sùn dáadáa. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ọyún inú ojú ti gbẹ. Egbò náà fúnra rẹ̀ kò yára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló gbà kí àwọ̀ ewé yẹn tó dẹ́kun lílẹ̀ mọ́ ọn. Ní àárín méjì, ó rẹ Màmá, wọ́n ní ojú ti mọ́, wọ́n fẹ́ dá oògùn dúró, mo sì rọ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó gbà, nítorí pé fọ́ńgọ́ọ̀sì tí a kò pa tán a máa padà.

Mo lọ bá ẹni tó ni kẹ́míìsì náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó sì dùn ún nígbà tó gbọ́. Ó ní gbogbo ìgbà tí Àpólò bá jà ni òun ń tà á, àwọn ènìyàn a sì máa padà wá dúpẹ́. Mo sọ fún un pé wọn ì bá yá láìlò ó. A jọ kọ ìbéèrè mẹ́rin sí ara páálí, ó fi kọ́ ẹ̀yìn káńtà rẹ̀: Ṣé ó ń dunni gan-an, kì í ṣe pé ó ń yúnni lásán? Ṣé ìmọ́lẹ̀ ń gúnni lójú? Lẹ́yìn tí a bá nu ipin kúrò, ṣé ojú ṣì ń ríran bàìbàì? Ǹjẹ́ nǹkan kan ta síni lójú? Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan, ilé ìwòsàn ni yóò darí rẹ̀ sí lọ́jọ́ náà gan-an. Ó fúnra rẹ̀ ló ní kí a fi ọmọ tuntun kún un, mo sì yìn ín fún un, nítorí pé ojú tó wú tó ń yọ ọyún lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan lè jẹ́ àtọ̀sí tí ó kó lára ìyá rẹ̀ nígbà ìbí, ìyẹn sì lè fọ́ ojú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Mo fi àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí orí ń fọ́, tí ó ń bì, tí ó sì ń rí òṣùmàrè yí iná ká, kún un.

Ní àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, Màmá dúró ní mítà mẹ́fà, wọ́n sì rí ìlà kẹrin ní ara pátákó náà: 6/18. Ìfúnpá inú ẹyinjú wọn wà ní ìwọ̀n tó yẹ. Àpá funfun kan wà lórí dúdú ojú tí kò ní lọ mọ́. Bí kò bá jẹ́ pé ó bọ́ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí àárín, ìríran ojú náà ì bá ti lọ jù báyìí lọ. Wọ́n ti padà sí iṣẹ́. Wọ́n ń lo awò ojú nígbà tí wọ́n bá ń tú ìko, abẹ kékeré ni wọ́n sì fi ń gé e, wọn kì í fà á mọ́. Láràárọ̀, kí wọ́n tó jókòó sórí àpótí, wọ́n a fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, wọ́n a sì fi ojú ọ̀tún ka iye aṣọ tí a sá sórí okùn.